Orí Keje: Rọpárọsẹ̀ Lára Ọmọdé àti Àwọn Wákàtí Tó Ń Ṣòfò

Ní ọdún 2009, àwọn oníṣègùn Hospital for Sick Children ní ìlú Toronto, lórílẹ̀-èdè Kánádà, gbé ìwádìí kan jáde lórí ọmọ 209 tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ mọ̀: láti ìgbà tí àmì àkọ́kọ́ ti yọ lára ọmọ, wákàtí mélòó ló kọjá kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé rọpárọsẹ̀ ni? Nígbà tí wọ́n to àwọn ọmọ náà láti orí ẹni tí wọ́n tètè mọ tirẹ̀ dé orí ẹni tí tirẹ̀ pẹ́ jù, wákàtí 22.7 ni ẹni tó bọ́ sí àárín gbùngbùn lò. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọjọ́ kan gbáko.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè yára di ẹ̀bi rẹ̀ ru àwọn òbí. Ṣùgbọ́n ó lé ní ìdajì àwọn ọmọ náà tó ti dé ilé ìwòsàn kí wákàtí méjì tó pé. Inú ilé ìwòsàn, níbi tí dókítà àti ẹ̀rọ wà, ni èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò náà ti ṣòfò. Nínú ọmọ mẹ́wàá, bíi mẹ́rin péré ni ẹni tó kọ́kọ́ yẹ̀ wọ́n wò fura pé rọpárọsẹ̀ lè jẹ́.

Toronto kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń wá ẹ̀rọ tàbí iná mànàmáná tì. Bí ọmọ bá lè jókòó sí àárín gbogbo irinṣẹ́ ìgbàlódé kí àkókò rẹ̀ ṣì ṣòfò, a jẹ́ pé ohun tó ń fà á ju àìsí ẹ̀rọ lọ. Ojú rí àmì náà, ṣùgbọ́n ọkàn kò lọ síbẹ̀, torí pé gbogbo wa la ti gbà pé àìsàn àgbàlagbà ni rọpárọsẹ̀: bàbá arúgbó tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, tàbí ìyá tí àtọ̀gbẹ ń bá fínra. Ohun tí a kò retí, a kì í tètè rí i. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Nínú orí yìí, a ó wo ibi tí àkókò náà ń gbà lọ, àti bí òbí, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìlera ṣe lè gbà á padà. A ó sì rí i pé fún àwọn ọmọ tí ewu yìí pọ̀ sí jù lọ láàárín wa, ìyẹn àwọn ọmọ SS, tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, a lè rí rọpárọsẹ̀ lókèèrè kó tó dé rárá.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú orí

Ọpọlọ kì í fi oúnjẹ pamọ́. Ọ́síjìn àti súgà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé wá ní ìṣẹ́jú yìí ló ń lò ní ìṣẹ́jú yìí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì mọ́ inú iṣan kan tí ọ̀nà fi dí, tàbí bí iṣan bá bẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà síbi tí kò yẹ, apá ibi tí iṣan náà ń bọ́ nínú ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ohun tí a ń pè ní rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Torí pé apá òsì ọpọlọ ló ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, tí apá ọ̀tún sì ń darí ti òsì, ẹ̀gbẹ́ kan ara ni ó sábà máa ń rọ.

Láàárín àgbàlagbà, ọ̀nà tó dí ló pọ̀ jù. Láàárín ọmọdé, iṣan tó bẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdajì. Ohun tó ń fà á náà yàtọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti sìgá kọ́ ló ń fà á fún ọmọ ọdún mẹ́rin. Lára àwọn tó ń fà á ni ọkàn tí wọ́n bí mọ́ ọmọ pẹ̀lú àléébù, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, yírùnyírùn, ìfarapa ọrùn tó ya iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú, omi ara tó gbẹ jù nígbà tí ọmọ ń yàgbẹ́ gbuuru, àti àìtó áyọ́ọ̀nù nínú ẹ̀jẹ̀. Ṣíkín-pọ́ọ̀sì pàápàá lè ba iṣan ọpọlọ jẹ́ ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí ara ọmọ ti jinná, tí gbogbo ilé sì ti gbàgbé pé ó ṣe é rí.

Kò wọ́pọ̀ bíi ti àgbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe àbàmì. Láàárín ọmọ tuntun, a máa ń rí i lára nǹkan bí ẹyọ kan nínú ọmọ 4,000 tí wọ́n bá bí. Fún àwọn tó ti kọjá oṣù kìíní, iye tí àwọn orílẹ̀-èdè tó ń kà á ń rí lọ́dún wà láàárín ẹyọ kan sí mẹ́tàlá nínú ọmọ 100,000. Ní ilẹ̀ tí fòníkú-fọ̀ladìde ti pọ̀ bíi tiwa, a kò lè pè é ní ohun tó ṣọ̀wọ́n.

Ọmọ ọwọ́: ẹ wo ọwọ́ méjèèjì

Ọmọ tuntun kò lè sọ pé apá òun wúwo. Ẹnu rẹ̀ kì í sábà wọ́, kò sì tíì máa rìn tí a ó fi mọ̀ pé ó ń tiro. Ohun tí a lè rí láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni pé apá kan tàbí ẹsẹ̀ kan ń gbọ̀n fún ara rẹ̀, tí kò dúró bí a bá tilẹ̀ dì í mú. Nígbà mìíràn, ọmọ náà á dákẹ́ mímí fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kì í fi àmì kankan hàn nígbà náà. Wọ́n á gbé wọn lọ sílé, wọ́n á kó wọn jáde, wọ́n á sọ wọ́n lórúkọ, kò sẹ́ni tó mọ nǹkan kan.

Àmì náà máa ń jáde láàárín oṣù mẹ́rin sí mẹ́jọ. Ìyá á ṣàkíyèsí pé ọwọ́ kan ṣoṣo ni ọmọ fi ń nawọ́ mú nǹkan, tí ìkejì dì pọ̀ bí ẹ̀ṣẹ́. Inú ilé á dùn, wọ́n á ní: “Ẹ wo bó ti mọ ọwọ́ ọ̀tún lò!” Ó yẹ kí a mọ̀ dájú pé ọmọ kì í yan ọwọ́ kan láàyò kó tó pé ọdún kan. Èyí tó bá ti yàn án ní oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìkejì ni kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ó yẹ kí dókítà rí i.

Àwa Yorùbá ní àǹfààní kan níbí. Ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ, tó ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ra á, tó ń na apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láràárọ̀, ni ẹni àkọ́kọ́ tó lè mọ̀ pé apá kan le ju ìkejì lọ, tàbí pé itan kan kò ṣí dáadáa. Bí ìyá àgbà bá ní: “Apá ọmọ yìí kan le sí mi lọ́wọ́,” ẹ má ṣe sọ pé ojú àgbà ni. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síbi tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí nọ́ọ̀sì náà na apá méjèèjì wò.

Ọmọ tó ti ń sáré kiri

Láti ọdún méjì sókè, àmì náà bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ti àgbà: ẹnu wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá rọ, ọ̀rọ̀ lọ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọmọdé kì í wá jókòó kó ṣàlàyé. Ìṣe rẹ̀ ni yóò yí padà, àwa àgbà á sì tètè fún ìṣe náà ní ìtumọ̀ mìíràn.

Ẹ wo èyí. Ọmọbìnrin ọlọ́dún márùn-ún kan jí láàárọ̀. Ìyá rẹ̀ na búrẹ́dì sí i, ó fi ọwọ́ òsì gbà á. Ohun tí ilé Yorùbá á kọ́kọ́ sọ ni: “Ọwọ́ wo lo fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà?” Ó tún fi òsì gbé ife omi, wọ́n gbá a lọ́wọ́. Ní ilé ìwé, kò dáhùn nígbà tí olùkọ́ pè é, itọ́ sì ń dà létí ẹnu rẹ̀. Wọ́n ní ó ń ṣe agídí. Ọmọ tó ti ń fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun láti ọdún mẹ́ta tó wá ṣàdédé sọ ọ́ di òsì lóòjọ́ kò hùwà àìlẹ́kọ̀ọ́. Ẹ ní kó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kó ṣí àtẹ́lẹwọ́ sókè, kó di ojú. Bí ọ̀kan bá ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ ti rí i.

Tiro náà ní àwíjàre tirẹ̀ nílẹ̀: ó ṣubú níbi eré, bàtà há a lẹ́sẹ̀, abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un ní ìdí lọ́sẹ̀ tó kọjá ló bà á lẹ́sẹ̀ jẹ́. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún síbi tí kò yẹ lè ba iṣan ẹsẹ̀ jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè mú apá àti ẹnu ẹ̀gbẹ́ kan náà mọ́ ọn. Ibi tí ẹsẹ̀ bá ti pè apá mọ́ra, inú orí ni kí ẹ máa wò.

Àwọn àmì mìíràn wà tí ọmọdé fi yàtọ̀ sí àgbà. Ó lè jẹ́ orí fífọ́ tó dé lójijì, tí irú rẹ̀ kò ṣe é rí, pẹ̀lú èébì. Ó lè jẹ́ òòyì, tí ọmọ tó ń rìn dáadáa kò wá lè dúró mọ́. Ó sì lè jẹ́ gìrì. Gìrì yìí gba ìpín tirẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń pàdánù wákàtí.

Gìrì tó bo rọpárọsẹ̀ mọ́lẹ̀

Nǹkan bí ẹyọ kan nínú ọmọ mẹ́rin tí rọpárọsẹ̀ kọlù ni gìrì máa ń mú níbẹ̀rẹ̀, pàápàá àwọn tó kéré jù. Nílẹ̀ wa, gìrì ti ní ìtọ́jú tirẹ̀ nílé kí ẹnikẹ́ni tó wá ọkọ̀: ṣíbí láàárín eyín, àlùbọ́sà lójú, ẹsẹ̀ nídìí iná, àti àgbo ìtọ̀ màlúù tí wọ́n fi ewé tábà, ẹfínrín àti aáyù sí. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn olùṣèwádìí ní Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé àgbo yìí ń fa súgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ó sì ń mú èémí rẹ̀ rẹlẹ̀. Ọpọlọ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé, tí a tún wá gba súgà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyà rẹ̀ ti di méjì.

Bí wọ́n bá sì dé ilé ìwòsàn, ohun mìíràn á tún pa àmì náà mọ́. Lẹ́yìn gìrì lásán, apá kan ara ọmọ lè rọ fún ìgbà díẹ̀, kó sì padà bọ̀ sípò. Dókítà mọ èyí, ó sì lè ní kí wọ́n dúró wò ó. Ibà ńkọ́? Ní àdúgbò tí ẹ̀fọn pọ̀ sí, ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń ní kòkòrò ibà lára bí a bá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Wọ́n á rí kòkòrò náà, wọ́n á ní ibà ti wọ ọpọlọ, wọ́n á fún un lóògùn ibà, wọ́n á sì dẹ́kun wíwá ohun mìíràn. Túúlu náà lè mú kí apá kú tipiri fún wákàtí kan. Àwọn àìsàn tó ń ṣe bí rọpárọsẹ̀ pọ̀, ìyẹn ni kò jẹ́ kí a dá dókítà tó ṣiyèméjì lẹ́bi pátápátá.

Àmọ́ ìlànà kan wà tó ń gba àkókò là: a kì í fi ìrètí dúró de apá tó rọ. Bí apá kan ara ọmọ bá rọ lẹ́yìn gìrì, kí wọ́n wọn súgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì máa kà á sí rọpárọsẹ̀ títí ẹ̀rí mìíràn yóò fi yọjú. Kí wọ́n fi oògùn ibà sí i bí ó bá yẹ, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi rírí kòkòrò ibà pa ìwádìí dé.

Fọ́tò orí àti ohun tó lè pa mọ́

Kí a wá gbà pé dókítà ti fura. Ó ní kí wọ́n lọ ya fọ́tò orí. Ẹ̀rọ CT ló sábà máa ń wà nítòsí, ó sì yára. Ó dára gan-an fún rírí ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú orí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé iṣan ló dí, CT lè mọ́ tónítóní ní àwọn wákàtí àkọ́kọ́. Nínú ìwádìí Toronto yẹn, fọ́tò àkọ́kọ́ kò fi rọpárọsẹ̀ hàn lára iye tó lé ní ìdajì àwọn ọmọ náà. Ìdílé á gbọ́ pé “fọ́tò kò rí nǹkan kan”, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á máa lọ sílé. CT tó mọ́ kò fi hàn pé ọpọlọ mọ́.

Ẹ̀rọ MRI ló ń rí i kíákíá, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó ń pariwo, ó ń pẹ́, ọmọ gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ láìmira. Ọmọ tí kò tíì tó ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà sábà nílò oògùn oorun kí wọ́n tó lè yà á, ìyẹn sì nílò dókítà tó mọ iṣẹ́ oorun náà. Ní Nàìjíríà, àwọn ìlú ńlá ni ẹ̀rọ náà ṣù sí, owó rẹ̀ ga, àpò òbí ló sì ti ń jáde ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Torí náà, ìfura dókítà àti ọ̀rọ̀ tí òbí bá sọ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí fọ́tò tó dé.

Ọmọ SS: ẹni tí ewu súnmọ́ jù

Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS, ìyẹn ẹni tó gbé jíìnì àrùn fòníkú-fọ̀ladìde láìṣe é, nǹkan bí ọmọ 150,000 ni a sì ń bí lọ́dọọdún pẹ̀lú àrùn náà gan-an. Kò sí orílẹ̀-èdè tó ní tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ̀rọ̀ rọpárọsẹ̀ ọmọdé nílẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ SS ló gbọ́dọ̀ gùn jù lẹ́nu rẹ̀.

Ní ọdún 1910 ni James Herrick, dókítà kan ní Chicago, kọ́kọ́ kọ̀wé nípa sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bí dòjé. Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí a tó ní iye tó dájú nípa ohun tó ń fi ọpọlọ ṣe. Ní ọdún 1998, Kwaku Ohene-Frempong, dókítà ọmọ Ghana tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì ìwádìí lórí àwọn aláìsàn tó lé ní 4,000 jáde. Wọ́n rí i pé bí a kò bá dá sí i, nǹkan bí mọ́kànlá nínú ọmọ SS ọgọ́rùn-ún ni rọpárọsẹ̀ á ti kọlù kí wọ́n tó pé ogún ọdún. Ọjọ́ orí tí èyí tí ọ̀nà dídí ń fà ti pọ̀ jù lọ ní kékeré ni ọdún méjì sí márùn-ún. Ọjọ́ orí tí kò sẹ́ni tó ń ronú rọpárọsẹ̀ gan-an nìyẹn.

Yàtọ̀ sí èyí tí ojú ń rí, òmíràn wà tó ń ṣẹlẹ̀ láìfi àmì hàn. Bí wọ́n bá fi MRI wo ọpọlọ àwọn ọmọ SS, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta wọn tí a máa ń bá àpá kéékèèké lára ọpọlọ wọn kí wọ́n tó pé ọdún méjìdínlógún. Apá kò rọ, ẹnu kò wọ́. Ohun tó yí padà ni pé ọmọ tó mọ̀wé tẹ́lẹ̀ kò lè pọkàn pọ̀ mọ́, ó ń gbàgbé, ipò rẹ̀ ń wálẹ̀ ní kíláàsì. Wọ́n á pè é ní olódo, wọ́n á nà án. Olùkọ́ tó bá mọ̀ pé ọmọ kan jẹ́ SS, tí èsì ìdánwò rẹ̀ sì já lulẹ̀ lójijì, ìwé ló yẹ kó kọ sí òbí rẹ̀ pé kí wọ́n gbé e lọ sí kílíníìkì.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ SS ní ìrètí ni pé rọpárọsẹ̀ tirẹ̀ kì í sábà dé láìkìlọ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó le ń ha ògiri inú àwọn iṣan ńlá tó wà ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, ògiri náà á máa nípọn, ọ̀nà á máa há. Ó ń gba oṣù, ó sì lè gba ọdún, kí ọ̀nà náà tó dí. Ní gbogbo àkókò yẹn, ohun kan wà tí a lè wọ̀n. Bí ẹ bá fi ìka há ẹnu rọ́bà tí a fi ń bu omi rin ọgbà, omi á tú jáde pẹ̀lú eré. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré níbi tí iṣan bá ti há.

Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ eré ẹ̀jẹ̀

Ní ọdún 1982, Rune Aaslid, ọmọ ilẹ̀ Norway, fi hàn pé ìró tí etí kò lè gbọ́ lè gba ibi tí egungun orí ti tín-ínrín kọjá, kó sì wọn eré ẹ̀jẹ̀ nínú ọpọlọ. TCD ni wọ́n ń pe àyẹ̀wò náà. Kò ní abẹ́rẹ́, kò ní oògùn oorun, kò sì ní ìtànṣán kankan tó lè pa ọmọ lára. Ọmọ á dùbúlẹ̀, wọ́n á fi òróró tútù kan sí ẹ̀bátí rẹ̀, láàárín ìpéǹpéjú àti etí, wọ́n á sì fi ọ̀pá kékeré kan rọra wá ibẹ̀ títí tí ìró ẹ̀jẹ̀ á fi jáde nínú ẹ̀rọ, fùù, fùù, fùù, pẹ̀lú ìlù ọkàn. Ọmọ gbọ́dọ̀ lajú sílẹ̀, kó má sì sunkún, torí pé oorun àti ẹkún máa ń yí eré ẹ̀jẹ̀ padà. Ó lè máa wo eré lórí fóònù ìyá rẹ̀. Ó sábà máa ń tán kí wákàtí kan tó pé.

Robert Adams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló sọ ìwọ̀n yìí di ohun ìgbàlà. Nínú ìwádìí tí wọ́n pè ní STOP, wọ́n mú ọmọ SS 130 tí eré ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ wọn ti tó 200 sẹ̀ǹtímítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí 63 nínú wọn lára déédéé. 67 yòókù ń gba ìtọ́jú tí gbogbo ènìyàn ń gbà. Rọpárọsẹ̀ kọlù ọmọ 11 nínú àwọn tí wọn kò fa ẹ̀jẹ̀ sí lára. Nínú àwọn tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí lára, ẹyọ kan ni. Ìyàtọ̀ náà hàn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi dá ìwádìí náà dúró ṣáájú àkókò, kí wọ́n lè tètè sọ ọ́ fún gbogbo ayé. Wọ́n tẹ èsì náà jáde ní ọdún 1998. Láti ìgbà náà ni ìlànà ti wà pé kí wọ́n máa fi TCD wo ọmọ SS lọ́dọọdún, láti ọdún méjì títí dé mẹ́rìndínlógún. Bí eré náà kò bá tó 170, ara yá. Láti 170 dé 199, kí wọ́n tètè tún un wò. Láti 200 sókè, kí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀.

Fífa ẹ̀jẹ̀ sára lóṣooṣù kò rọrùn nílẹ̀ wa. Ẹ̀jẹ̀ tó mọ́ ṣọ̀wọ́n, ẹbí ló ń wá ẹni tó máa fi í sílẹ̀, áyọ́ọ̀nù inú rẹ̀ sì ń kó jọ sára ọmọ. Ibi tí oògùn hydroxyurea ti wúlò nìyí. Kápúsù ni, ẹnu ni wọ́n ń lò ó lójoojúmọ́, ó sì ń mú kí ara tún máa ṣe irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ní nínú oyún, èyí tí kì í tẹ̀. Ní ọdún 2015, Ọ̀jọ̀gbọ́n IkeOluwa Lagunju àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn fi hàn pé oògùn yìí ń fa eré ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ wálẹ̀ lára àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ní ìhà Àríwá, ìwádìí SPRING, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2022, fi ìwọ̀n kékeré wé ìwọ̀n tó pọ̀ díẹ̀ lára àwọn ọmọ tí eré ẹ̀jẹ̀ wọn ti ga. Kò rí ìyàtọ̀ tó dájú láàárín méjèèjì nínú dídènà rọpárọsẹ̀ àkọ́kọ́, iye tí ó sì kọlù nínú ìpín méjèèjì kéré gan-an sí ohun tí à bá retí bí wọn kò bá lo nǹkan kan. Abẹ́ àbójútó dókítà ni kí ọmọ ti máa lò ó, torí pé wọ́n ní láti máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lóòrèkóòrè.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ lójú yín

Ẹ wo aago. Ohun àkọ́kọ́ nìyẹn. Àkókò tí ọmọ ṣì dá ṣáṣá gbẹ̀yìn ni dókítà nílò jù. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí èébì tàbí itọ́ lè rí ọ̀nà jáde. Ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu: oúnjẹ, omi, àgbo, ṣíbí, oògùn. Ẹ má fún un ní aspirin fúnra yín, torí pé bí ó bá jẹ́ pé iṣan ló bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á túbọ̀ máa dà. Ilé ìwòsàn ńlá tó bá súnmọ́ jù ni kí ẹ kọrí sí. Kẹ́míìsì àti ilé àdúrà kò ní ohun tí wọ́n máa fi dá a dúró. Ẹ lè máa gbàdúrà nínú ọkọ̀.

Bí ẹ bá débẹ̀, bí ẹ bá ṣe sọ ọ̀rọ̀ náà lè gba wákàtí mẹ́wàá là. Bí ìyá bá ní “Dókítà, ara ọmọ mi kò yá láti àárọ̀,” orí ìlà àwọn tí ibà ń ṣe ni wọ́n máa fi í sí. Kó sọ ọ́ báyìí: “Dókítà, ní aago méje àárọ̀ ó ṣì ń fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun. Ní aago mẹ́jọ, ọwọ́ náà kò gbé nǹkan mọ́, ẹnu rẹ̀ sì wọ́. SS ni. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé rọpárọsẹ̀ kọ́?” Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn kì í ṣe ìwà àfojúdi. Ó ń mú kí dókítà dá a lóhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó sì sọ ìdí rẹ̀.

Fún ọmọ SS, ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀jẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2020 ni pé kí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ lára kí wákàtí méjì tó kọjá, kí wọ́n má dúró de MRI. Bí ó bá ṣeé ṣe, wọ́n á máa fa tirẹ̀ jáde bí wọ́n ṣe ń fa tuntun wọlé, kí ẹ̀jẹ̀ tó ń tẹ̀ lè dín sí ìsàlẹ̀ ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdí rèé tó fi dára kí ìdílé ọmọ SS ti mọ irú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wọn, kí wọ́n sì mọ ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n lè pè láti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lóru.

Lẹ́yìn rẹ̀

Wọ́n máa ń sọ pé ọpọlọ ọmọdé ṣì rọ̀, pé yóò tún ara rẹ̀ ṣe. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń tún rìn, wọ́n á tún sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó lé ní ìdajì wọn tí ohun kan máa ń kù lára wọn: ọwọ́ tí kò lè so bọ́tìnì, wárápá, ìwé tí kò wọlé mọ́. Ìdárayá apá àti ẹsẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó kọ́ ọ níṣẹ́ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, kí ilé ìwé sì mọ̀ pé ọmọ náà nílò àkókò púpọ̀ sí i. Fún ọmọ SS, ewu tó tún kù tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ: bí wọn kò bá tọ́jú rẹ̀, nǹkan bí méjì nínú mẹ́ta ni rọpárọsẹ̀ á tún padà kọlù, ọ̀pọ̀ láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta. Ara tó ti yá díẹ̀ kì í ṣe ìdí láti pa kílíníìkì tì.

Òbí tó ń ka ìwé yìí, tí kò mọ jínótaìpù ọmọ rẹ̀, kó lọ ṣe é. Bí ó bá jẹ́ SS, tó sì ti pé ọdún méjì, tí wọn kò tíì wọn eré ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ rẹ̀ rí, kó béèrè lọ́wọ́ dókítà ní ọjọ́ kílíníìkì tó ń bọ̀ pé: “Níbo la ti lè ṣe TCD, iye rẹ̀ sì jẹ́ mélòó?” Bí wọn kò bá ní in níbẹ̀, kó gba ìwé lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni tó ní in. Nọ́ńbà tí wọ́n bá sọ fún un lọ́jọ́ náà, kó kọ ọ́ sára káàdì ọmọ, kó sì kọ ọjọ́ tí wọ́n máa tún un wò sí abẹ́ rẹ̀.